Wáàsí Jímọ̀: Ọdún méjì tí Ọlọ́hun fún ọmọ lọ́mú, ẹ má gé e kúrú

Asàláámù àlékúmù wa ráhímátúláhì, ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o.

Àwa ọkùnrin gan-an ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ìyàwó bímọ, ọmọ ò tíì rìn délẹ̀, oyún mìíràn ti dé, tí ẹnì kan bá ní "Alhaji, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ sinmi díẹ̀ ná," ohun tó máa jáde lẹ́nu wa ni pé Ọlọ́hun ló ń bọ́ wọn. Òótọ́ ni, ó wà nínú Súrà Húùdù, kò sí ohun abẹ̀mí kankan lórí ilẹ̀ tí arísìkí rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Àmọ́ ta ló bi wá léèrè oúnjẹ? Ara ìyá ọmọ là ń sọ.

Ẹ ṣí Súrà Bákọ́rà, áyà 233. Ọlọ́hun ní kí àwọn ìyá máa fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pé. Ibẹ̀ la máa ń kà dé tá a ó ti pa á dé, bẹ́ẹ̀ áyà yẹn ò tíì tán o. Ó ní bàbá ọmọ ló ni bùkátà oúnjẹ àti aṣọ ìyá náà, ó ní kí wọ́n má torí ọmọ ni ìyá lára, kí wọ́n má sì ni bàbá lára, ó wá ní tí àwọn méjèèjì bá fẹ́ gba ọmú lẹ́nu ọmọ, kó jẹ́ pé wọ́n jọ gbà, wọ́n sì jọ gbìmọ̀ ẹ̀. Gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ lásán nìyẹn o, Ọlọ́hun ní ká bá ìyàwó gbìmọ̀! Mélòó nínú wa ló gbìmọ̀ kí oyún kejì tó dé?

Nínú Súrà Lùkùmọ́nù, áyà 14, Ọlọ́hun tún ní àìlera lórí àìlera ni ìyá fi gbé oyún. Àwọn dókítà náà ò sọ nǹkan míì. Lọ́dún 2005 WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, kó àwọn onímọ̀ jọ, ìmọ̀ràn tó jáde níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin dúró ó kéré tán oṣù 24 kó tó tún gboyún, wọ́n sì sọ ọ́ pé ó bá ọdún méjì tí wọ́n ní ká fi fún ọmọ lọ́mú mu. Ẹni tí oyún bà jẹ́ lára ẹ̀, wọ́n ní kó dúró tó oṣù 6. Oyún máa ń fa áyọ́ọ̀nù àti fólétì, àwọn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kúrò lára ìyá, ọmú fífún náà ń gba tiẹ̀, tí wọn ò bá tíì padà sípò tí oyún míì wọlé, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀, ọmọ inú sì lè jáde láìtó oṣù tàbí kó kéré jù, pàápàá tí oyún bá dé kí oṣù 6 tó pé. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bí, ojú ibi tí wọ́n là lára ilé ọmọ lè ya nígbà tó bá ń rọbí. Àwa tá a fẹ́ràn àtimáa ka áyà tó ní àwọn ìyàwó yín jẹ́ oko yín, àgbẹ̀ wo ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ sinmi?

Ọmọ tó ṣì wà lẹ́nu ọmú náà ń jẹ nínú ìyà yẹn, torí wọ́n á já a lẹ́nu ọmú lójijì, ó di ẹ̀kọ lásán láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sí ẹyin, kò sí ẹja, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Àwọn ìyá àgbà sì wà tó máa ń ní omi ọmú aláboyún ti di májèlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, ó lè dín kù ni. Hadísì wà nínú ìwé Hadísì tí Imáàmù Múslímù kó jọ pé Ànábì (ìkẹ́ Ọlọ́hun kó máa bá a) fẹ́ kọ̀ ọ́ fún ọkọ láti sún mọ́ ìyàwó tó ń fún ọmọ lọ́mú, ó wá rí i pé àwọn ará Róòmù àti Páṣíà ń ṣe é, kò sì pa àwọn ọmọ wọn lára. Torí náà ẹni tí oyún ti dé fún, ẹ má bú u, kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ tó dáa, kẹ́ ẹ tètè mú un lọ fún àyẹ̀wò.

Àwọn kan á ní ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ hàráámù, wọ́n á ka áyà tó ní ẹ má pa ọmọ yín torí ìbẹ̀rù òṣì. Ọmọ tó ti wà láyé ni áyà yẹn ń sọ. Jábírì, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, sọ pé àwọn ń da omi ara sóde kí ìyàwó má bàa lóyún, nígbà tí Alukuráánì ṣì ń sọ̀kalẹ̀. Lọ́dún 1988 ní Kúwéètì, àwọn onímọ̀ fíkìhì, ìyẹn òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, látinú oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó lé e, wọ́n ní ẹ̀tọ́ ni kí tọkọtaya fi àyè sáàárín oyún, tí wọ́n bá jọ fẹnu kò, tí ọ̀nà tí wọ́n gbà jẹ́ hàláàlì tí kò sì pani lára. Èyí tí wọ́n kọ̀ ni kéèyàn lọ dá ọmọ bíbí dúró pátápátá láìsí ìdí tó le.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fọkàn tán ọmú jù o. Ọmú máa ń dènà oyún tí ọmọ ò bá tíì pé oṣù 6, tó jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán tòru, tí nǹkan oṣù ò sì tíì padà. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá nǹkan míì ṣe, torí oyún lè wọlé kẹ́ ẹ tó rí nǹkan oṣù rárá. Ẹ má sì kàn lọ ra oògùn oníhóró ní kẹ́míìsì, àwọn kan ò bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ mu. Ẹ bi nọ́ọ̀sì, yálà abẹ́rẹ́ ni o, èyí tí wọ́n ń fi sápá ni o, kóìlì tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ni o.

Ẹ̀yin bàbá, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ìyá ọmọ ń lọ fún àyẹ̀wò, ẹ bá a lọ, kẹ́ ẹ jókòó gbọ́ àlàyé fúnra yín. Ẹ má sọ pé ojú ń tì yín láàárín àwọn obìnrin, ojú ò kúkú tì wá lọ́jọ́ ìkómọ nígbà tá a wọ agbádá jókòó síwájú. Jímọ̀ Mùbárákà.