Ẹ Jẹ́ Kí Bátìrì Sùn Kẹ́ Ẹ Tó Bi Í Léèrè

Ẹ káàbọ̀ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, ní ṣọ́ọ̀bù wa lójú ọ̀nà Òǹdó. Ariwo tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, ẹ bá mi fara dà á.

Bọ́ọ̀sì funfun tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, oníbàárà mi kan ló ni ín. Ó yọ gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn dànù, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó so fáànù àti gílóòbù mẹ́ta kọ́, ó wá gbé fíríìjì kékeré kan sídìí ilẹ̀kùn. Fídíò òde ló máa ń yà. Òṣogbo lónìí, Ìlẹ́ṣà lọ́la, inú ọkọ̀ ló ń sùn. Àárọ̀ àná ló gbé e dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ilé ti tún kú o, ẹ bá mi wá òmíràn." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́dún yìí nìyẹn! Mo ní mi ò ní bátìrì kankan tí mo fẹ́ tà fún ẹ. Jókòó.

Ẹ wò ó, ọkọ̀ téèyàn ń sùn nínú rẹ̀, bátìrì méjì ló gbọ́dọ̀ ní, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ilé. Ti ẹ́ńjìnnì, òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, torí kó lè tu agbára ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkọ̀ sítáàtì ni wọ́n ṣe é. Ti ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní deep cycle, òjé tirẹ̀ nípọn, á máa bù ún fún yín díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá fi ti ẹ́ńjìnnì ṣe ti ilé, ṣe ló ní kí ẹni tó mọ eré sá wá ru ẹrù láti Ifẹ̀ dé Ìlẹ́ṣà. Relay tó máa ń ya àwọn méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, mo ti ṣe fídíò ìyẹn, ẹ lọ wò ó.

Ó yá. Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í rèé.

Oníbàárà mi ní mítà o, kì í ṣe pé kò ní. Á wakọ̀ láti Òṣogbo dé Ifẹ̀, á pa ẹ́ńjìnnì, ojú ẹsẹ̀ ló máa fi mítà kan orí bátìrì. 13.1 volt! "Ó ti kún!" Kò kún. Mo ní KÒ KÚN!

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá kan ń ta ẹmu nítòsí ilé wa. Tó bá rọ ẹmu sínú igbá, ìfófòó á gùn ún dé etí. Àwọn bàbá tó wá mu kì í tètè sanwó. Wọ́n á máa ja ìjà òṣèlú láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn ò ní kúrò lára igbá. Tí ìfófòó bá wálẹ̀ tán, tí wọ́n bá rí i pé ẹmu gan-an ò ju ìdajì lọ, "Ìyá, ẹ rọ̀ ọ́ sí i!" 13.1 tẹ́ ẹ rí yẹn, ìfófòó ni. Cháàjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló gun orí òjé, kò tíì wọ inú.

Ẹ pa gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ kó sinmi, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin. Tó bá sùn mọ́jú, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn lẹ tó lè wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 12.6 tàbí 12.7, ó kún. 12.4, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù. 12.2, ìdajì ló kù, IBẸ̀ NI KẸ́ Ẹ DÚRÓ SÍ. Tó bá fi di 12.0, ẹ ti ń jẹ ẹran ara rẹ̀. Bátìrì olójé ni mò ń sọ o. Lithium ní ìṣirò tirẹ̀, volt rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ má fi èyí wọ̀n ọ́n.

Kámẹ́rà, sún mọ́ ibí. Bátìrì rẹ̀ kejì rèé, àwọn tó ń ra àlòkù ló là á fún mi. Ẹ má là á nílé o, ásíìdì ni! Ẹ wo òjé yìí. Ẹ rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn, bí iyọ̀ tí omi gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò? Tí bátìrì olójé bá wà láìní cháàjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan yìí á dì, á le, ibi tó bá bò ò ní gba cháàjì mọ́. Bátìrì yẹn ò gbó. Ebi ló pa á kú.

Ta ló wá ń jẹ oúnjẹ rẹ̀? Oníbàárà mi búra fún mi pé tóun bá ti páàkì, òun kì í lo nǹkan kan. Mo ní kó pa fáànù, fíríìjì, gílóòbù. Mo mú clamp meter, mítà tó máa ń gbá wáyà mú láti ka iná tó ń gbabẹ̀ kọjá, èyí tó lè ka DC, iná bátìrì, o, èyí táwọn oníná ilé ń lò kì í sábà lè kà á. Mo fi gbá wáyà nẹ́gétíìfù mú. 1.1 amp. Mo wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ìgbà tí mo gbé bẹ́ẹ̀dì sókè ni mo rí iná kékeré aláwọ̀ ewé kan tó ń tàn jẹ́ẹ́.

Inverter! Ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tá à ń lò nílé. Kò sóhun tí wọ́n so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ń retí iṣẹ́, ó sì ń jẹun. 1.1 amp fún wákàtí 24, ó lé ní 26Ah, ìyẹn iye amp lọ́nà iye wákàtí. Bátìrì ilé yìí, 100Ah ni, ìdajì tẹ́ ẹ lè lò jẹ́ 50. Ọjọ́ méjì péré, inverter tí kò ṣiṣẹ́ kankan ti jẹ ẹ́ tán! Ẹ PA INVERTER. Kì í ṣe kẹ́ ẹ yọ cháájà fóònù lára rẹ̀. Súwíìṣì rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀!

Àwọn tó kù, fáànù, 2 amp, wákàtí mẹ́jọ, 16 nìyẹn. Gílóòbù LED, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n fíríìjì, 4 amp, tó bá ń sinmi fún ìdajì ọjọ́, 48. 48 nínú 50! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mu omi tútù lọ́ọ̀gánjọ́, ẹ ra bátìrì kún bátìrì, tàbí kẹ́ ẹ gbé sólà sórí ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbé sólà síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má páàkì sábẹ́ igi máńgòrò. Òjìji ẹ̀ka kan lè pa èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí màá sítáàtì ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀." Èmi náà ti ṣe é rí, lálẹ́ ọdún Ọlọ́jọ́ kan tí mi ò rí yàrá gbà. Ogún ìṣẹ́jú, màá pa á. Ogún ìṣẹ́jú, màá pa á. Epo jó, àwọn aládùúgbò bú mi, ilẹ̀ mọ́, bátìrì ò kún. Bíi kẹ́ ẹ máa rọ epo pupa sínú ìgò ni. Níbẹ̀rẹ̀ ó ń yára, tó bá ti dé ọrùn, ìkán-ìkán ló kù. Ìdá kan nínú márùn-ún tó kẹ́yìn lè gba wákàtí mélòó kan. Àti pé, ẹ gbọ́ mi dáadáa, Ẹ MÁ SÙN sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín yẹn ò ní òórùn. Ẹni tó bá pa kì í jí.

Ó dáa. Bátìrì tó ní ó ti kú yìí, a fi cháájà sí i lánàá látàárọ̀ dalẹ́, mo yọ cháájà ní aago mẹ́wàá, oníbàárà mi sùn sínú ọkọ̀, bátìrì náà sùn. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú...

12.3? Rárá o. Dúró ná. Gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn sókè.

Ẹ wo iná aláwọ̀ ewé! Ó ní fóònù lòun fi cháàjì lóru. Cháájà dà? A tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.