Ọjọ́ Tí Òjò Bá Lọ: Ẹ̀ẹ̀rùn, Irè Oko àti Oúnjẹ Màlúù ní Ọ̀kè-Ògùn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọlọ́sìn sọ ní Ìsẹ́yìn nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà, ṣùgbọ́n mi ò yọ ìjà inú rẹ̀ kúrò.)

Alága, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ará gáà tẹ́ ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn, mo kí gbogbo yín. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé kò ní tó mi, nítorí náà ohun tó ń dùn mí jù ni màá kọ́kọ́ sọ: oúnjẹ tí màlúù yóò jẹ ní oṣù kejì ọdún, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá la ti ń gé e. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Tí òjò bá ti tètè dá, ariwo tí a máa ń pa ni pé òjò ò tó lọ́dún yìí. Bẹ́ẹ̀, òjò lè tó. Láti ibí dé Ṣakí dé Kíṣì, nǹkan bíi mìlímítà 1,000 sí 1,200 ló máa ń rọ̀ lọ́dún. Àwọn tí kò rí ìdajì rẹ̀ wà láyé tí wọ́n ń kórè ọkà. Ọjọ́ tí òjò lọ ló ń pa wá lára. Èyí tó rọ̀ yàà ní oṣù kẹfà kò lè ran àgbàdo tó ń yọmọ lọ́wọ́ ní ìparí oṣù kẹwàá.

Ẹ jẹ́ ká wo àgbàdo kejì yẹn dáadáa. Ẹni tó gbìn ín ní ìparí oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí òjò ti sinmi tó tún padà, yóò máa retí kó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́ta ọjọ́. Ìyẹn bọ́ sí ìgbà tí òjò ń dágbére gan-an. Lẹ́búlẹ́bú tó wà lórí ìrùkẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sára irun tó ń jáde lẹ́nu ọmọ àgbàdo. Irun kan, hóró kan. Bí omi bá tán nínú ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìrùkẹ̀rẹ̀ yóò yọ ní tirẹ̀, irun á pẹ́ kó tó jáde, nígbà tó bá sì fi yọjú, lẹ́búlẹ́bú ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ ó bó àgbàdo, ẹ ó bá hóró mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, bí eyín arúgbó. Ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta ajílẹ̀ fún yín.

NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún: ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dá. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọ́n ní òjò á rọ̀, oòrùn ló ràn. Ẹ ṣe yẹ̀yẹ́ wọn tán, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá ibi tí wọ́n ti sọ ọjọ́ tí òjò yóò lọ. Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá ni, kí lẹ fẹ́ fi àgbàdo ọlọ́jọ́ 110 ṣe nínú ilẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án? IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, ti ní irúgbìn tó ń gbó láàárín ọjọ́ 80 sí 90, tó sì ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Kì í ṣe àdììtú.

Ẹ̀yin tí àgbàdo yín kò wá yọmọ, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń wò ó ni. Ẹ ó fi sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ wáwá, ẹ ó wá dáná sun ún. Oúnjẹ màlúù lẹ sun yẹn! Nígbà tó ṣì tutù, tó hàn gbangba pé kò ní lọ́mọ, ẹ gé e, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù tàbí ọ̀rá tó nípọn kí afẹ́fẹ́ má lè wọ̀ ọ́, ẹ dì í pa. Ó kéré tán, kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó ṣí i. Sílééjì ni wọ́n ń pè é. Ẹ kíyè sí nǹkan kan o: àgbàdo tí ọ̀gbẹlẹ̀ fìyà jẹ máa ń kó nitrate jọ sí ìdí igi rẹ̀, ó sì lè pa ẹran. Ẹ fi bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láti ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e. Bí òjò kan bá ṣàdédé rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, ẹ má gé e lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ mélòó kan. Ti ọkà bàbà tún burú ju ìyẹn lọ. Èéhù kékeré tó ń hù lórí kùkùté ọkà bàbà lẹ́yìn òjò díẹ̀ a máa ní májèlé nínú. Ẹran á jẹ ẹ́, á ṣubú kí olówó rẹ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn á ní àwọn ayé ni. Ẹ fi àwọn ayé sílẹ̀.

Mo padà sí koríko, nítorí òun gan-an ló gbé mi wá. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń bá màlúù lọ koríko nínú ìkùn rẹ̀, àwọn náà sì ń jẹun. Tí púrótéènì inú koríko bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 7 nínú 100, iṣẹ́ wọn á dẹ̀, koríko á pẹ́ nínú ẹran, ẹran ò sì ní lè jẹ òmíràn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí màlúù tó dúró láàárín ẹ̀ruwà gbígbẹ tó ga jù ú lọ, tó sì ń rù. Kì í ṣe pé koríko ò sí. Koríko tí ẹ kò gé nígbà tó ní láárí ni.

Ẹ bá mi ṣírò. Màlúù tó wọn kílò 250 ń fẹ́ bíi kílò mẹ́fà oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá dé ìparí oṣù kẹta, bí ọgọ́fà ọjọ́, kílò 720 nìyẹn. Ká ní ìdajì ni ẹ fẹ́ fi koríko gbígbẹ dí, kílò 360 ni. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti dì í. Àpótí onígi tí kò ní ìdí, tí kò ní ọmọrí, ló wà níta yẹn: gígùn rẹ̀ mítà kan, ìbú rẹ̀ ìdajì mítà, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ na okùn méjì sábẹ́ rẹ̀ kí etí wọn yọ síta. Ẹ kó koríko sí i, kí ọmọ kan wọ inú rẹ̀ kó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún kó, kó tún tẹ̀. Bó bá kún, ẹ so okùn pọ̀, ẹ yọ àpótí lókè. Ìdì kọ̀ọ̀kan á tó kílò 15. Ìdì mẹ́rìnlélógún fún màlúù kan. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé òun ò rí ibi tó máa kó ìdì mẹ́rìnlélógún sí?

Ẹni tó ti gé koríko rí máa bi mí pé: ṣebí òjò ṣì ń rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ibo ló fẹ́ gbẹ sí? Òótọ́ ni. Koríko dára jù kó tó so, oòrùn sì dára jù lẹ́yìn tó so tán. Àárín méjèèjì la ń wá, nígbà tí òjò bá ń jìnnà síra wọn. Ọdún tí òjò tètè lọ, tí àgbàdo ń sunkún, ọdún náà gan-an ni koríko ń rọrùn láti sá. Ẹ fún ẹ̀kúnwọ́ kan, kẹ́ ẹ lọ́ ọ: bí kò bá yọ omi, tí àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀, ẹ dì í. Bí ẹ bá dì í tútù, á gbóná, á bu.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ onímọ̀ omi. Gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ koríko, òun á dárúkọ Ìkéré Gorge: kí ìjọba sọ ìsédò yẹn di ohun tó ń bomi rin hẹ́kítà 12,000 bí wọ́n ṣe pète rẹ̀ láyé Shagari. Mi ò bá a jà. Kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ayé Shagari, ẹ̀ẹ̀rùn mélòó ló ti kọjá? Àdá kan kò ju owó tí ẹ fi ń ra ẹran jíjẹ lọ.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá kan láti apá Òkèhò ti nawọ́ sókè. Alága ní kó dúró di ìparí, ó ní òun ò dúró. “Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Koríko, koríko lẹ ti ń sọ látẹ̀ẹ̀kan. Èèpo ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ilé gààrí wa, ó ń rùn, a ń dáná sun ún, èéfín ń wọ ojú àwọn ọmọ wa. Ṣé òun kì í ṣe oúnjẹ ẹran ni?”

Mo pa ìwé mi dé. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá, oúnjẹ ẹran ni, ẹ̀yin lẹ sì ni ín. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti rí ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣe gààrí náà ló sì ń lò. Ọjọ́ tí ẹ bá bó o ni kẹ́ ẹ ṣe é, kò gbọ̀dọ̀ sùn. Ẹ ṣa ìdí igi àti òkúta kúrò, ẹ rin ín bí ẹ ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ kó o sápò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́jú kí omi rẹ̀ jáde. Májèlé tó wà nínú rẹ̀ á bá omi lọ. Lọ́jọ́ kejì ẹ fọ́ ọ, ẹ fi asẹ́ kù ú, ẹ sá a sórí tapólì. Èèpo lásán máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ, òjò á sì ká a mọ́ ibẹ̀. Èyí kò ju wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ bí oòrùn bá mú. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù á di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ gbígbẹ. Èyí tó kúnná, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín. Èyí tó ṣe hóróhóró, ti màlúù àti àgùntàn ni.

Ẹ wo ìgbà tó bọ́ sí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé dáadáa, ilẹ̀ á le, ẹ̀gẹ́ á máa kán sínú ilẹ̀, owó ọ̀yà á gòkè, tata á ti jẹ ewé rẹ̀ tán. Ẹ̀gẹ́ tó ń dé ilé gààrí á dín kù, gààrí á wọ́n, èèpo náà ò ní pọ̀. Nítorí náà, oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí oòrùn sì ti dé, ni kẹ́ ẹ gbẹ èèpo pamọ́. Oṣù kẹwàá yẹn náà ló tún wọ̀ ọ́, ẹ ṣáà wò ó! Ohun tí mo ń sọ nípa koríko kò yí padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé kí ló dé tí mo ń wá oúnjẹ fún màlúù tó jẹ oko bàbá òun. Ìbínú rẹ̀ tọ́, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn pa á. Òfin tó de dída ẹran jẹ̀ káàkiri ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 2019. Àwọn gómìnà Gúúsù pàdé ní Asaba ní oṣù karùn-ún 2021, wọ́n ní kó dópin. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní oṣù keje 2024. Nínú gbogbo wọn, ta ló gé koríko? Màlúù tí ebi ń pa ní oṣù kejì kò mọ Asaba. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín san owó fún pòròpórò àgbàdo bàbá yín, fún ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà, fún èèpo ìyá tó bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sì jẹ oko olóko, òfin wà fún un.

Alága ti ń wo aago. Mo ní ọ̀rọ̀ lórí iṣu, ẹ̀pà, kajú àti kòkó, ẹ gbà á ní kíákíá. Ebè iṣu ọdún tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó le. Kajú fẹ́ kí ojú ọjọ́ gbẹ nígbà tó bá ń tanná, kò níjà. Ẹ̀rùn máa ń dín ìjẹrà dúdú kòkó kù, ó sì dára fún sísá. Bó bá pẹ́ jù, hóró á kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí iná tó jó oko kòkó ní 1983, ẹ sọ ìyókù fún àwọn ọmọ yín. Ẹ̀pà tí ọ̀dá bá ní ìparí máa ń ní aflatoxin, májèlé tó ń ti ara bíbu wá. Aflasafe, ohun tí wọ́n ń fọ́n sóko, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014, ń dín in kù. Ẹ̀pà tó bu, ẹ má fún màlúù tó ní wàrà lọ́mú jẹ, nítorí májèlé náà máa ń bọ́ sínú wàrà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn: ṣé ewúrẹ́ lè jẹ èèpo tí mo sọ yìí? Ó lè jẹ ẹ́, bàbá, bí ẹ bá ti tẹ omi rẹ̀ jáde tó sì gbẹ. Ṣùgbọ́n púrótéènì kò tó nínú rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ ewé ẹ̀pà gbígbẹ tàbí ewé àgúnmániyè, ẹ fún wọn ní díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì gbé omi sí tòsí wọn.