Ẹ̀rù Ba Jésù Náà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ará Ìjọ Kátólíìkì ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í bẹ̀rù. Èrò yìí ti pa èèyàn púpọ̀ lẹ́nu mọ́. Obìnrin á fọwọ́ kan kókó lọ́mú rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀. Lẹ́yìn Mísà, wọ́n á kí i, á ní "dáadáa ni, a dúpẹ́." Kò ní sọ fún ọkọ, kò ní sọ fún Fadá, kí wọ́n má baà ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Àwọn mìíràn á máa ti ọ̀dọ̀ aríran kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn: ọ̀kan á ní ìyá ọkọ ni, èkejì á ní ará ilé ni, ẹ̀rù á wá di méjì.

Ẹ wo Jésù nínú ọgbà Gẹtisémánì, ní òru tí wọ́n mú un. Máàkù kọ ọ́ pé ẹ̀rù bà á. Lúùkù ní òógùn rẹ̀ dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀. Kò fi pamọ́ fún Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù; ó ní ọkàn òun bàjẹ́ títí dé ojú ikú, kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Wọ́n sùn lọ. Ó dojú bolẹ̀, ó bẹ Bàbá rẹ̀ pé kó mú ago ìjìyà náà kúrò, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti Bàbá ni kó ṣẹ. Mátíù ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tún sọ. Ẹ̀yin tí gbólóhùn kan ṣoṣo ń jáde lẹ́nu yín láàárín òru, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa o. Ago náà kò kúrò. Áńgẹ́lì fún un lókun, ó dìde, ó lọ pàdé àwọn tó wá mú un. Ohun tí mo ń pè ní ìgbẹ́kẹ̀lé nìyẹn.

Ìjọ ní òróró fún irú wákàtí bẹ́ẹ̀, Sákárámẹ́ńtì Ìfòróróyàn Àwọn Aláìsàn, bó ṣe wà nínú Jákọ́bù 5:14. Síbẹ̀, bí Fadá bá gbé òróró wọlé, ẹkún ni ìdílé ń bú sí, pé ó ti parí. Ó ń dùn mí. Láyé àtijọ́, ẹni tó wà lójú ikú la sábà ń ṣe é fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ, ti là á yé wa ní 1963 pé kì í ṣe tiwọn nìkan. Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí ìlànà tuntun rẹ̀ ní 1972. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá lè gbà á. Fadá á gbọ́wọ́ lé e lórí láìsọ̀rọ̀, á fi òróró sí iwájú orí àti ọwọ́ rẹ̀. Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ wa, ní okun, àlàáfíà àti ìgboyà ni oore-ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀.

Kò sì rọ́pò dókítà. Ìjọ wa kò fìgbà kan ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ọsibítù. Ti Ìjọ ni ọsibítù Our Lady of Fatima tó wà ní Òṣogbo níbí.

Tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ dúró de Fadá lẹ́yìn Mísà, ẹ wí fún un pé, "Fadá, ẹ̀rù ń bà mí." Ẹ mú ọkọ tàbí ìyàwó yín dání.