Kí ẹ tó gbéra n'Ìkòròdú lọ ra RAM fún kọ̀ǹpútà géèmù yín tó ti pẹ́

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin tèmi, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ RAM la fẹ́ sọ lónìí, ìyẹn mẹ́mórì tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí, kì í ṣe ibi tí ẹ ń tọ́jú fíìmù sí o. Ọ̀pọ̀ nínú yín n'Ìkòròdú níbí, láti Sábó dé Ìgbógbó, désítọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀ lẹ ní, Dell OptiPlex, HP Compaq, ẹ ti ki graphics card kékeré bọ̀ ọ́, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀, ẹ ń ta géèmù GTA V, àmọ́ tí géèmù bá ti gbóná díẹ̀ báyìí àwòrán á dúró, ohùn á ṣì máa lọ. Ẹnì kan á wá ní "lọ fi RAM kún un". Ó lè jóòótọ́, ṣùgbọ́n RAM wo?

Motherboard yín, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan so mọ́, ló ń pinnu èyí tó máa gbà. Kì í ṣe ẹni tó ń tà á, kì í sì í ṣe iye tó wà lápò yín. Torí náà inú ilé lẹ ti máa ṣe ìwádìí, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ti jókòó sínú gò-síló Mile 12 tẹ́ ẹ ń lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá RAM gan-an ló ń dà yín láàmú. Ẹ ṣí géèmù yẹn, ẹ ta á díẹ̀, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Tó bá ti lé ní 90% nígbà tí géèmù ń di, RAM ò tó nìyẹn. Tó bá jẹ́ 60% ló wà tí géèmù sì ń wọ́lẹ̀, ẹ fowó yín sápò, graphics card tàbí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló lẹ́jọ́. GTA V àtijọ́ fúnra ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Legacy báyìí, 4GB ló kéré jù tó ń béèrè, 8GB ni wọ́n ní ó dáa, ẹ sì rántí pé Windows àti Chrome tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ náà ń jẹ nínú ẹ̀. Ojú ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí iye slot tẹ́ ẹ ní, ìyẹn ihò tí RAM ń wọ̀, àti èyí tó ṣófo, wọ́n á kọ ọ́ bíi "2 of 4", ìyẹn ni pé méjì nínú mẹ́rin ló ti kún.

Ó yá, irú RAM wo? DDR2, DDR3, DDR4, ọ̀kan ò lè wọ ihò èkejì, ibi tí wọ́n gé sí lẹ́sẹ̀ wọn yàtọ̀ síra, ẹ má fi agbára tì í wọlé láéláé. Processor Intel jẹnẹréṣọ̀n kejì sí ìkẹrin, àwọn tó jáde láàárín 2011 sí 2014, DDR3 ni wọ́n ń lò lórí désítọ́ọ̀pù. Láti 2015 tí ìkẹfà jáde ni DDR4 ti wá pọ̀. Tí ò bá dá yín lójú, ẹ gba ètò kan tó ń jẹ́ CPU-Z sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wo ojú ewé tí wọ́n kọ SPD sí, ó máa sọ gbogbo ẹ̀.

Iye tó lè gbà náà ńkọ́? Lórí àwọn Intel DDR3 yẹn, 8GB ló pọ̀ jù tí slot kan máa gbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 16GB ẹyọ kan fún yín. OptiPlex 7010 tó ní slot mẹ́rin máa gba 32GB, àmọ́ ọ̀pọ̀ motherboard irú H61, slot méjì péré ló ní, 16GB lòpin ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Windows 32-bit lẹ ń lò, kò ní lò ju 4GB lọ bó ti wù kẹ́ ẹ rà á tó, ẹ yáa fi 64-bit sí i ná.

Ibi tó yẹ ká fara balẹ̀ sí nìyí o: lébẹ̀ẹ̀lì tó wà lára RAM. Ẹ máa rí nǹkan bíi PC3-12800U. PC3 ni DDR3. Ẹ fi 8 pín 12800, ó di 1600, ìyẹn ni sípíìdì ẹ̀. Lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn lẹ ò gbọ́dọ̀ fojú fò: U ni ti désítọ́ọ̀pù, S ni ti láptọ́ọ̀pù, R ni ti sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò. Owó èyí tó ní R yìí máa ń fúyẹ́ lọ́jà gan-an, ó máa bọ́ sínú slot yín wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò ní tàn. Ẹ ka àwọn chip dúdú ara ẹ̀, ti sáfà sábà máa ń jẹ́ mẹ́sàn-án lójú kan dípò mẹ́jọ. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ti processor AMD nìkan, owó wọn fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá ń lo Intel ẹ má dá wọn lóhùn. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù Intel jẹnẹréṣọ̀n kẹrin ni, PC3L lẹ máa rà, èyí tó ń lo 1.35 volt, torí 1.5 volt ti DDR3 lásán ò bá a mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra méjì tó dọ́gba. 4GB méjì sàn ju 8GB ẹyọ kan lọ fún géèmù, torí bí èèyàn méjì tó ń fa omi nínú kànga kan náà ni, ẹnìkan ò dúró de ẹnìkan. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí ò ní graphics card, tó jẹ́ pé ti inú processor lẹ fi ń ta géèmù, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára dáadáa, torí RAM kan náà nìyẹn náà ń lò. Tẹ́ ẹ bá da 1333 pọ̀ mọ́ 1600, gbogbo wọn á máa rìn bíi 1333, kò burú, kìkì pé ẹ má sanwó iyebíye torí sípíìdì tí board yín ò ní lò.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí ẹ tó dì í mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dún "kó" lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá ń ké pípípí tí ò tàn, ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tẹ́ ẹ fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu ẹsẹ̀ olómi-góòlù yẹn, ẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá tàn, ẹ tẹ mdsched sínú ibi ìwákiri Windows, kó yẹ RAM wò fúnra ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí rìsíìtì yín ṣì wà lọ́wọ́ tó bá di pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀.