Wákàtí Mélòó Ni Búrẹ́dì Kan? Ìṣirò Tó Yẹ Ká Ṣe Ká Tó Jápa

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ló pè mí láti wá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo kọ ọ́ síbí bí mo ṣe sọ ọ́, àfi pé mo gé àwọn ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ló ti sọ owó oṣù òkè òkun di náírà rí nínú yín? Ẹ nawọ́. Áà, gbogbo ilé! Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Èmi náà, lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ mi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, etí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí tí mo ń fi fóònù ṣírò rẹ̀, oorun sì dá lójú mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti kọ́lé sí Akóbọ̀ tán, ẹni tó máa bá mi ṣe géètì ni mo ń wá.

Ìṣirò yẹn ni mo wá bá jà lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, bí N560 ni pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, nígbà tó sì fi di 2025, pọ́n-ùn ti ń lọ sí bíi N2,000. Ẹ wá wo ẹni tó ń gba £1,700 lóṣù ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà àkọ́kọ́, owó rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù kan náírà. Nígbà kejì, ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ṣé ó wá di olówó ìlọ́po mẹ́ta ni? Onílé rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ pé nǹkan kan ṣe náírà. Bọ́ọ̀sì tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò gbọ́. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn là ń ki í kú oríire.

Wákàtí ni mo ń fi ṣírò báyìí. Wákàtí mélòó ni màá fi ṣiṣẹ́ kí n tó ra nǹkan kan níbí, mélòó ni màá fi ra irú rẹ̀ lọ́hùn-ún? Kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́ wákàtí ní abẹ́ igi bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ owó òkè òkun.

Ẹ fa bírò yọ. Ní oṣù kẹrin 2025, owó iṣẹ́ tó kéré jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni ọdún 21 sókè di £12.21 ní wákàtí kan. Bí èèyàn bá ń ṣe wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀, ìjọba kò ní fọwọ́ kan £12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún. Nínú èyí tó kù, wọ́n á yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún fún owó-orí, wọ́n á tún yọ ìdá mẹ́jọ fún National Insurance, ìyẹn owó adójútòfò tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ohun tó máa wọ ilé jẹ́ bíi £1,720 lóṣù, a ò tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì o. Ẹ pín in sí wákàtí: £10.60. Níbí ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ owó oṣù tó kéré jù di N80,000 ní 2025. Pẹ̀lú ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, ó jẹ́ bíi N460 ní wákàtí kan.

Ká ní búrẹ́dì jẹ́ £1.30 lọ́hùn-ún, kó jẹ́ N1,500 ní Sángo. Ìṣẹ́jú méje àti díẹ̀ ni ẹni ọ̀hún fi ra tirẹ̀. Ẹni tiwa fi wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. (Ẹnì kan kígbe pé, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ!” gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.) Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká dé orí ilé. Yàrá kan nínú ilé àjọgbé, tí ẹ̀yin àti ẹni mẹ́rin jọ ń lo ilé ìdáná, ká ní £550 lóṣù: wákàtí 52. Self-contain níbí, ká ní N250,000 lọ́dún: ó jẹ́ wákàtí 45 lóṣù, balùwẹ̀ sì jẹ́ tìrẹ. Nǹkan tí ẹnu ń jẹ, wọ́n jù wá lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Nǹkan tí orí ń sùn sí, ọ̀rọ̀ yí padà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gba N80,000 kọ́ ló kún yàrá yìí, torí kò lè san owó físà. Bí owó oṣù yín níbí bá ṣe pọ̀ tó ni àǹfààní búrẹ́dì yẹn ṣe ń kéré tó. Owó ara yín ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má lo tèmi.

Ọ̀pọ̀ yín ti wo Numbeo, ìkànnì tó ń fi iye owó ọjà ìlú kan wé ti ìlú mìíràn. Kò burú. Láti 2009 ló ti wà. Ó fi New York ṣe 100, ó ń fi ìlú yòókù wé e. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wọlé síbẹ̀ ló lè kọ iye tí nǹkan jẹ́ nílùú rẹ̀, ọjà tí òyìnbó ń rà ló sì ń béèrè: kílò tòmátì, kílò ìrẹsì, oúnjẹ ẹni méjì ní ilé oúnjẹ. Ta ló ń ra kílò tòmátì ní Bódìjà? Apẹ̀rẹ̀ là ń rà. Ìrẹsì, kóńgò ni, bí ìyá bá sì wọn kóńgò tán, ẹ ó ní, “Màmá, èènì mi ńkọ́?” Wọ́n á ráhùn díẹ̀, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì yẹn kò sí lórí Numbeo. Mo máa padà sí i.

Àmọ́ àwa náà máa ń tan ara wa jẹ nígbà tí a bá ń ṣírò ìnáwó Ìbàdàn. Ẹni tó ní N800,000 lòun ń san fún ilé lọ́dún, ta ló ra sólà? Ta ló ń sanwó kànga ẹ̀rọ, ta ló ń sanwó ọlọ́dẹ, ta ló da òkúta sójú ọ̀nà nígbà òjò? Baálé ilé kọ̀ọ̀kan nílùú yìí, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Iná nìkan ńkọ́: ní oṣù kẹrin 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn ará Band A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, fò láti N68 sí N225. Ẹni tí kò sí ní Band A ń ra epo. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Lọ́hùn-ún, ìjọba ìbílẹ̀ gidi ló wà, ìwé rẹ̀ ló ń wá sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún kì í san council tax, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé téèyàn ń gbé. Mo parí ẹ̀kọ́ mi ní oṣù kẹsàn-án, ọkàn mi balẹ̀, n kò mọ̀ pé ọjọ́ tí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lára mi ni owó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní oṣù kejìlá, àpò ìwé kan já bọ́ láti ojú ihò ẹnu ọ̀nà. Gbèsè oṣù mẹ́ta. Orí ìdúró ni mo wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kóòtù ṣì wà lọ́rùn mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá orúkọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò sí nínú ìṣirò etí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ jẹ́ ká dé orí owó tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn ní báńkì. Láti oṣù kọkànlá 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè £1,529 lóṣù ní London, £1,171 níbòmíì, fún oṣù mẹ́sàn-án, owó náà sì gbọ́dọ̀ sùn ní àkáǹtì fún ọjọ́ 28. Kánádà, tó ń gba C$10,000 tẹ́lẹ̀, sọ ọ́ di C$20,635 ní 2024, ó tún gbé e dé C$22,895 ní oṣù kẹsàn-án 2025. Jámánì ní kí ẹ ti €11,904 mọ́ àkáǹtì, wọ́n á máa yọ €992 fún yín lóṣooṣù. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nílùú yìí tó ń yáni lówó yẹn, tí wọ́n á gba èlé, tí wọ́n á sì kó o lọ lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. N kò wá ṣe ọlọ́pàá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjọba ìlú náà fúnra rẹ̀ ti bá yín ṣírò ohun tí ẹ máa jẹ, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì ń yá ìwé náà lò bí aṣọ òde. Tí ẹni tó yá yín bá ti kó owó rẹ̀ lọ, kí lẹ máa jẹ ní Leeds? Ti Jámánì ló dáa jù lójú mi. Kò jẹ́ kéèyàn lè purọ́ fún ara rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé owó ìlera tí wọ́n ń gbà kí físà tó jáde: £776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́, £1,035 fún ọ̀pọ̀ àgbà yòókù, gbogbo ọdún físà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Físà oṣù mẹ́rìndínlógún akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ £1,164, ẹ ò tíì wọ bàálù.

Owó yẹn dùn mí nígbà tí mo san án, ṣùgbọ́n n kò ní bú u. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn lóru, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ sanwó káàdì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Lọ́hùn-ún, wọn kò béèrè owó lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà kọ jẹ́ £9.90 ní England. Ẹ ó dúró o, ẹ ó dúró títí. Àmọ́ ẹni tó ní ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìlà yìí nìkan lè gbé e lọ, n kò ní bá a jiyàn.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán náà wà níbẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wákàtí méjìlá là ń rí nílùú yìí yíká ọdún. Ní oṣù kejìlá ní London, kò pé mẹ́jọ. Oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òkùnkùn ni mo fi ń jáde, òkùnkùn ni mo fi ń wọlé.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dìde lẹ́yìn. Ó ti ṣe tirẹ̀ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, ó gbé ìwé náà wá síwájú. Owó nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Band 5, ìpele owó oṣù kan ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní England, £31,049 lọ́dún ní 2025. Físà wọn kò gba owó ìlera yẹn. Lẹ́yìn owó-orí, bíi £2,156 lóṣù, kí wọ́n tó yọ ìfẹ̀yìntì, £13.27 ní wákàtí kan. Ó fi ilé oníyàrá méjì sí £900: wákàtí 68. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù méjìdínlógún. A fi ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ sí £1,000: wákàtí 75. Nínú wákàtí 162 tó máa ṣe lóṣù, 143 ti lọ. Kò tíì jẹun.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n ní ìjọba ń fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbọ̀n wákàtí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí físà òun àti ọkọ rẹ̀ bá sọ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, kò kàn wọ́n. Ọkọ rẹ̀ náà á ṣiṣẹ́, owó tirẹ̀ á wọlé. Bó bá jókòó ti ọmọ, 75 yẹn á kúrò, owó rẹ̀ náà á kúrò.

Mo bi í pé ta ló ń tọ́jú ọmọ báyìí. “Màmá mi ni, ní Apẹ̀tẹ̀.” Èló lẹ ń fún wọn? Ó rẹ́rìn-ín. “Owó ọkọ̀ Micra, àti gààrí nígbà míì.”

Mo ní kó kọ èènì síwájú ìlà yẹn. Kò kọ ọ́. Ó ní, “Tí màmá bá tẹ̀ lé wa lọ ńkọ́?” Mo sọ fún un pé físà àlejò kì í sábà jẹ́ kí èèyàn dúró ju oṣù mẹ́fà lọ. Ó kọ “oṣù mẹ́fà” sí etí ìwé, ó fi bírò yí i po, ó sì padà lọ jókòó.