Bí a ṣe ń ka àmì ẹ̀jẹ̀ nígbà tí iṣan bá ń nà

Ẹ kú ìjókòó o. Ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi yìí, láti ara ẹsẹ̀ èmi fúnra mi ló ti wá. Sẹ́ńsọ̀ NIRS, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo inú ara, ni mo lẹ̀ mọ́ ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ wọ inú ẹran ara, ó sì ń wo èyí tó padà jáde. Kì í ṣe eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá ló ń kà o. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lábẹ́ rẹ̀ ni.

Kí ẹ tó na ohunkóhun, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ fi aṣọ dúdú bo sẹ́ńsọ̀ náà, kí ìmọ́lẹ̀ yàrá má baà kó sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 60, kí ẹ wá dẹ̀ ẹ́. Ẹ sàmì sí ìgbà tí ẹ fà á àti ìgbà tí ẹ dẹ̀ ẹ́. Mo ti gbàgbé rí. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi ń méfò.

Ó wá kan asẹ́, ìyẹn ìṣirò tó ń ya apá àmì tí a fẹ́ wò sọ́tọ̀. Ọ̀kan á mú lílù ọkàn, láti 0.5 dé 5 Hz (Hz ni iye ìgbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Èkejì á mú ohun tó ń rọra yí padà, tí kò ju 0.1 Hz lọ. Nínú Python, èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, àṣẹ tó ń jẹ́ filtfilt ni kí ẹ lò: ó ń gba iwájú sẹ́ àmì, ó tún ń gba ẹ̀yìn sẹ́ ẹ padà. Asẹ́ tó bá gba iwájú nìkan máa ń mú kí ìlà pẹ́. Ẹ̀ ẹ́ wá rò pé iṣan ló lọ́ra.

Ẹ wo ìlà tí a kò tíì sẹ́ ná. Bí mo ṣe fa ẹsẹ̀ báyìí, ó já wálẹ̀ lójijì. Ẹ má tíì yọ̀. Lóòótọ́, bí iṣan bá nà, àwọn òpójẹ̀ inú rẹ̀ náà á nà, wọ́n á tín-ín-rín, iṣan tó le á sì fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ tó yẹ̀ lára awọ lè ya irú ìlà yìí gan-an. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo tún ẹsẹ̀ gbé, àmọ́ n kò ní jẹ́ kí iṣan le. Bí ìlà bá já bíi ti tẹ́lẹ̀, téépù tí mo fi lẹ sẹ́ńsọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe iṣan.

Tèmi yìí kò já. Ẹ wá wo lílù ọkàn: níbi tí mo ti di ẹsẹ̀ mú, àwọn ṣóńṣó rẹ̀ kúrú. Ìgbà tí mo dẹ̀ ẹ́, ìlà tó ń rọra lọ gòkè kọjá ibi tó wà nígbà ìsinmi, kó tó padà. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀ tán pátá kí ẹ tó na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.