Tí akódà kóòtù bá mú ìwé wá sílé yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Ẹ bá mi wo ìwé tó wà lójú fídíò yìí. Òkè pátápátá ni wọ́n kọ orúkọ Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkìtì sí. Nọ́ńbà ẹjọ́ nìyí: lẹ́tà HAD, tó fi hàn pé Adó ni wọ́n ti pe ẹjọ́ náà, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àti ọdún. Orúkọ olùpẹjọ́ ló ṣáájú, ti olùjẹ́jọ́ ló wà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ yẹn, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fèsì sí. Àtọjọ́ tí akódà ti fi ìwé náà lé yín lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń kà á.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan nínú wa ń pàdánù ẹjọ́ tí wọn ò jẹ̀bi rẹ̀. Wọ́n gba ìwé, wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ní Ọlọ́run á jà fún àwọn. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ náà mọ òwe yẹn, ìdí tó fi rán akódà sí yín nìyẹn. Tó bá ti pè yín, tí ẹ ò fèsì, tí ẹ ò yọjú, òfin fún un láyè láti gbọ́ tẹnu ẹni tó wá, kó sì dájọ́. Ẹ lè bẹ kóòtù kó wọ́gi lé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ máa ṣàlàyé ibi tí ẹ wà láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ó sì náwó sí i. Nítorí náà, tí ìwé bá dé lónìí, ẹ wá lọ́yà lọ lọ́la.

Irú ẹjọ́ tí à ń sọ ni ẹjọ́ tó wà láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì: gbèsè, owó ilé, ogún, ilẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbowó rẹ̀ tí wọn ò ṣe. Kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn débi tí iyèméjì ò fi ní sí mọ́. Nínú tiwa yìí, ẹ̀rí ẹni tó bá wúwo jù lórí òṣùwọ̀n ló borí. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ kan sí i nípa àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnì kan jẹ yín lówó, ẹ sáré lọ gbé ọlọ́pàá wá. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Tó bá jẹ́ jìbìtì ni, ìyẹn yàtọ̀. Tó bá jẹ́ gbèsè lásán, lẹ́tà látọ̀dọ̀ lọ́yà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àìmọye ọ̀rọ̀ sì ni lẹ́tà yẹn máa ń parí.

Wàyí o, ilẹ̀. Ẹ wo rìsíìtì yìí. Ọmọ ẹbí kan ṣoṣo ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí, wọn ò so ìwé sọ́fè mọ́ ọn. Ẹni tó rà á ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Òfin wa ni pé tí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà, asán ni títà náà. Tó bá jẹ́ olórí ẹbí ló tà á láìfọwọ́sí àwọn àgbà tó yẹ nínú ẹbí, wọ́n lè mú un lọ kóòtù kí wọ́n tú u ká. Ní ọdún 1976, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn fi lè fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, lílo ilẹ̀ náà bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ tó sanwó ilẹ̀ ni kí ẹ ti wá lọ́yà, kì í ṣe ìgbà tí katakata bá dé.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọ ìyá méjì ló ń jà, inú mi dùn sí ààfin àti ìpàdé ẹbí. Kóòtù pàápàá máa ń bọ̀wọ̀ fún ìparí ìjà bẹ́ẹ̀, tó bá ṣe pé tinútinú ni àwọn méjèèjì fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá tí wọ́n sì gbà pé ibi tí wọ́n bá parí rẹ̀ sí ni àwọn ó dúró. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: òfin ní iye àkókò tí èèyàn lè fi pe ẹjọ́, ìpàdé ìparí ìjà kì í sì í dá àkókò yẹn dúró. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣẹ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ni òfin sábà máa ń fún yín, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti àdéhùn.

Ẹ lè dá gbèsè kékeré jà fúnra yín. Tí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀, ogún tàbí ìjọba, tàbí tí ẹni kejì bá ti gba lọ́yà, ẹ má dá a ṣe. Ẹ bi lọ́yà yín ní iye tó máa gbà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ àwọn lọ́yà ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ẹ sọ òtítọ́ fún un pátápátá, títí kan èyí tó ń tì yín lójú, torí ẹnu lọ́yà ẹni kejì ni kò yẹ kó ti gbọ́ ọ.

Tí ẹ ò bá lówó, ìjọba àpapọ̀ ti dá Legal Aid Council, àjọ tó ń fún aláìní ní lọ́yà, sílẹ̀ láti ọdún 1976. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ni owó oṣù yẹn láti ọdún 2024. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń gbà, torí náà ẹ kó gbogbo ìwé yín dání lọ bá wọn kí àkókò tó lọ.

Tí ìdájọ́ àṣekágbá ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, oṣù mẹ́ta lẹ ní láti gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ó ní ẹ̀ka ní Adó níbí.